Ọkọ̀ ń padà lófìfo

Sí Olóòtú,

Ẹ bá mi bi àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kó ọṣẹ, mílíìkì àti bisikíìtì wá sí Àkúrẹ́: kí ló dé tí ọkọ̀ yín fi ń padà sí Èkó lófìfo? Láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, orí ọjà ni owó ọkọ̀ ń já sí. Àwa tá a wà ní Ọjà Ọba là ń san án, oníbàárà sì ń kùn sí wa. Àwọn ẹlẹ́rìndòdò ayé ìgbà kan gbọ́n jù yín lọ o: bí wọ́n ṣe ń já kéréètì tuntun ni wọ́n ń kó ìgò òfìfo padà. Ìrìn-àjò kan, iṣẹ́ méjì! Ní báyìí, ọ̀pọ̀ ìgò náà ti di ike, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń bá Odò Àlà lọ. Ẹ kó páálí àti ike yín padà. Màá tọ́jú wọn sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi lọ́fẹ̀ẹ́.

Oníṣòwò kan,
Ọjà Ọba, Àkúrẹ́