Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ìtàn wọn

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́. Òǹkọ̀wé kan sọ nínú ìwé ìròyìn yín pé ńṣe ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi owó-orí aráàlú ṣòfò bí wọ́n ṣe ń ran àwọn ẹgbẹ́ eléré orí ìtàgé tó ń ṣe eré nípa ìgbésí ayé àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti àwọn obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin lọ́wọ́. Lọ́ńdọ̀nù níbí ni mò ń gbé, n kò sì fara mọ́ ọn, nítorí pé kò dárúkọ eré kan ṣoṣo tó wò.

Ẹgbẹ́ tó yẹ kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni Gay Sweatshop, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1975 pẹ̀lú àwọn eré ọ̀sán gangan ní Almost Free Theatre, níbi tí òǹwòran ti ń san iye tí agbára rẹ̀ bá ká. Nígbà náà, kò tíì pẹ́ tí òfin 1968 gba àṣẹ kúrò lọ́wọ́ Lord Chamberlain, ìjòyè ààfin tó ti ń yẹ eré wò láti 1737 kí wọ́n tó lè ṣe é ní gbangba, tí kì í sì í fọwọ́ sí èyí tó bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí síta, títí di 1958.

Eré tí wọ́n kọ́kọ́ gbé kiri ìlú ni Mister X, ìtàn ọkùnrin kan tó ń fẹ́ ọkùnrin. Bí ó bá ti ń parí lọ, òṣèré tó ń kó ipa ọkùnrin náà á bọ́ kúrò nínú eré, á dojú kọ àwọn òǹwòran, á sì sọ orúkọ ara rẹ̀ gan-an àti ibi tó ń gbé fún wọn, lásìkò tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Lẹ́yìn eré, wọ́n á tún bá àwọn òǹwòran jókòó, wọ́n á jọ fọ̀rọ̀ wérọ̀.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni Care and Control, ti 1977, tí Michelene Wandor kọ sílẹ̀ láti inú ohun tí ẹgbẹ́ náà ṣèwádìí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá tí ilé ẹjọ́ fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ wọn ni, nítorí pé obìnrin ni wọ́n ń fẹ́. Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, òṣìkà ènìyàn ni; orí ìtàgé yẹn ni ọ̀pọ̀ òǹwòran ti kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu àwọn ìyá náà.

Ní ti owó ìjọba, ó ti di ohun èlò ìpanilẹ́numọ́ rí. Nígbà tí gbọ̀ngàn eré Project Arts Centre ní Dublin, olú ìlú Ireland, gba Gay Sweatshop lálejò ní 1976, ìjọba ìbílẹ̀ ìlú náà fawọ́ owó ìrànwọ́ gbọ̀ngàn náà sẹ́yìn. Ní 1988, òfin tí wọ́n ń pè ní Section 28 ka ìgbélárugẹ ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin léèwọ̀ fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 2003 ni wọ́n sì tó fagi lé e níbí. Gay Sweatshop kógbá sílé ní 1997, lẹ́yìn tí owó ìrànwọ́ Arts Council, àjọ tó ń pín owó ìjọba fún iṣẹ́ ọnà, kò wọlé mọ́. Àwọn tí à ń wí yìí náà ń san owó-orí.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí wa, àwa tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ Hubert Ògúndé mọ́ wa lójú ní 1964 nítorí eré rẹ̀, Yorùbá Ronú. Àwọn ọmọ Yorùbá sì wà nínú àwọn tí irú eré bẹ́ẹ̀ ń sọ ìtàn wọn. Wọ́n ń bá wa jọ́sìn, wọ́n ń bá wa jó lóde àríyá, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò jẹ́ kí wọ́n sọ tinú wọn fún ìyá wọn. Nílé ní Nàìjíríà, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni òfin 2014 là sílẹ̀ fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀.

Bí òǹkọ̀wé yín bá tún fẹ́ kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí ó lọ jókòó wo eré kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó bá àwọn òṣèré rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ẹ sì tẹ ohun tí wọ́n bá sọ fún un jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ èrò tirẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Peckham, Lọ́ńdọ̀nù