Kí a tó sọ pé ohùn ilé-iṣẹ́ kan dára ju ti èkejì lọ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Àtẹ tí ẹ tẹ̀ jáde nípa àwọn ilé-iṣẹ́ tí a ti ń gbọ́ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì wúlò, ṣùgbọ́n iye kílóbíìtì (ìwọ̀n dátà orin tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) nìkan ni ẹ fi tò wọ́n, èyí tó pọ̀ jù lókè, èyí tó kéré jù nísàlẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e lè máa san owó oṣooṣù fún ohun tí kò ní dé etí rẹ̀ rárá. Àwa tí a ń gba ohùn sílẹ̀ ní Kétu, orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ níbí fẹ́ kí ẹ tún un wò.

Àwọn nọ́ńbà náà kò parọ́. Spotify ń lo ọ̀nà ìfúnpọ̀ orin tí wọ́n ń pè ní Ogg Vorbis, 320 kílóbíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan fún ẹni tó ń sanwó, 160 fún ẹni tó ń gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí fóònù. Apple Music ń lo ọ̀nà ìfúnpọ̀ mìíràn, AAC 256, ó sì ti fi ALAC tí kò gé nǹkan kan kúrò kún un láti 2021 láìbu owó lé e. Deezer ní FLAC, tí òun náà kò gé nǹkan kan kúrò, tó bá CD dọ́gba: bíìtì 16 àti kílóhẹ́ẹ̀tì 44.1 (ìwọ̀n bí a ṣe ka ohùn náà fínnífínní tó). Tidal dé bíìtì 24 àti kílóhẹ́ẹ̀tì 192. Spotify ló pẹ́, 2025 ni FLAC tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí Vorbis, AAC àti MP3 ń gbà fún orin pọ̀ kò jọra, nítorí náà AAC 256 kì í ṣe ọmọ ẹ̀yìn MP3 320 bí àtẹ yín ṣe fi í hàn.

Ohun tó ń tan àwọn olùgbọ́ jẹ jù lọ kò tilẹ̀ sí nínú àtẹ yín, òun ni bí ohùn ṣe ga tó. Etí ènìyàn máa ń ka ohùn tó ga díẹ̀ sí ohùn tó dára, kò sì sí ẹni tó bọ́ nínú rẹ̀, yálà onílù ni tàbí agbohùnsílẹ̀. Bí orin kan bá fi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì (ìwọ̀n bí ohùn ṣe ga tó) kan péré ga ju èkejì, olùgbọ́ kò ní sọ pé ó ga jù. Yóò sọ pé ó mọ́ gaara, pé ìlù rẹ̀ kún. Àwọn áàpù yìí ló sì ń yí ìró orin fúnra wọn kí gbogbo orin lè bára wọn mu. Spotify fi í sí -14 LUFS (ìwọ̀n ìró orin látòkèdélẹ̀; bí nọ́ńbà náà bá ṣe sún mọ́ òdo tó ni ohùn ṣe ga tó), Apple Music ń fi í sí nǹkan bí -16. Dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 2 ni ìyẹn. Gbé orin kan náà sórí méjèèjì, Spotify ni yóò gba ìyìn, láìjẹ́ pé Vorbis mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ pa ìyípadà ìró tí áàpù ń ṣe yìí. Lórí fóònù tó ń sọ Faransé, ẹ wá ọ̀rọ̀ “normalisation” nínú Paramètres Spotify. Lórí iPhone, “Égaliseur de volume” ni wọ́n ń pè é nínú ààtò Musique. Ẹ pa Égaliseur tó ń fi baàsì kún orin náà, nítorí ọ̀pọ̀ fóònù Android ló ní tirẹ̀ lọ́tọ̀ sí ti áàpù. Bí ẹ bá ti pa gbogbo rẹ̀ tán, tí orin kan náà sì ṣì ga níbi kan ju ibì kejì lọ, ẹ ti rí nǹkan pàtàkì: kì í ṣe àwo kan náà ni wọ́n fún yín.

Èyí wọ́pọ̀ gan-an nínú orin tiwa. Àwọn àwo àpàlà àti sákárà àtijọ́ ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá. Ilé-iṣẹ́ kan lè dà á láti orí téèpù àkọ́kọ́, òmíràn láti orí àwo fáìnílì tó ti gbó, ẹlòmíràn a sì gbé e ga títí ohùn olórin á fi máa ya lẹ́bàá etí. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú ìwé àwo náà nínú áàpù: lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì ℗ ni ọdún àti orúkọ ẹni tó ni gbígbà sílẹ̀ náà wà. Bí ìyẹn bá yàtọ̀, ẹ má fi wọ́n wéra. FLAC náà kò sì lè dá ohun tí MP3 ti gé dànù padà. MP3 128 sábà máa ń gé ohùn tín-ín-rín tó kọjá nǹkan bí kílóhẹ́ẹ̀tì 16 kúrò, bí ẹnì kan bá sì ti sọ irú fáìlì bẹ́ẹ̀ di FLAC kó tó fi ránṣẹ́, àlàfo yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Orin wo ni kí a fi dán an wò? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sáré lọ bá gángan, bẹ́ẹ̀ gángan kọ́ ló ń dán àwọn ẹ̀rọ ìfúnpọ̀ orin wò jù. Agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti irin ẹsẹ̀ òṣèré Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni kí ẹ wá. Gígé ni ẹ̀rọ ń gé orin sí ègé kéékèèké kí ó tó fún un pọ̀. Bí agogo bá dún lójijì láàárín ègé kan, àṣìṣe ìfúnpọ̀ náà á tàn ká gbogbo ègé yẹn, títí kan apá tó ṣáájú ìró agogo. Ẹ óò gbọ́ “ṣẹ́” fẹ́lẹ́ kí irin tó dún, ojú agogo á sì kú. Ní ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ìró ìlẹ̀kẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra wọn, á dà bí omi tó ń ṣàn. Ní kílóbíìtì 96, ẹni tó bá fetí sílẹ̀ lè mú un. Ní 320 Vorbis tàbí 256 AAC, ó ṣòro gidigidi, àní fún ẹni tó ń fi í ṣiṣẹ́.

Ẹ má sì dán an wò lórí nẹ́tíwọ̀kì alẹ́. Bí ó bá wà ní “Automatique”, áàpù á máa dín kílóbíìtì kù láìsọ fún ẹnikẹ́ni nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ sílẹ̀, ìlà MTN tàbí Moov sì ni ẹ óò máa dájọ́ fún. Ẹ kọ́kọ́ gba orin náà sórí fóònù ní ìpele tó ga jù. Ní Apple Music, orin tí ẹ ti gbà tẹ́lẹ̀ kì í yí padà, ẹ ní láti pa á rẹ́ kí ẹ tún un gbà.

Mẹ́gà náà ńkọ́? Wákàtí kan ní 320 ń jẹ 144 mẹ́gà, ní 96 ó ń jẹ 43. Apple fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé orin ìṣẹ́jú 3 ń jẹ nǹkan bí mẹ́gà 6 ní AAC, 36 ní ALAC, 145 ní ìpele 24/192. Jígà kan kò ní gbé ju orin 7 lọ ní ìpele yẹn!

Bluetooth ló ń dà á rú pátápátá. Ó ń tún orin fún pọ̀ kí ó tó fò dé etí: SBC, ọ̀nà ìfúnpọ̀ Bluetooth tó wọ́pọ̀, kì í sábà kọjá 328 kílóbíìtì, iPhone ń lo AAC, LDAC, ọ̀nà mìíràn tó wà lórí Android, kò kọjá 990. Ẹni tó bá ń gbọ́ FLAC nínú àpótí ohùn Bluetooth ti jẹ mẹ́gà dànù. Ẹ̀rọ etí oníwáyà ni kí ẹ fi ṣe ìdánwò.

Lẹ́yìn èyí, kí ẹlòmíràn di fóònù mú, kí ó máa yan èyí tí yóò dún nínú méjèèjì láìjẹ́ kí olùgbọ́ rí i, kí olùgbọ́ sì sọ èyí tó jẹ́, ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 15 nínú apá kan náà, ìgbà 16. Ẹni tó bá gba 12 nínú rẹ̀ ń gbọ́ nǹkan, nítorí ẹni tó kàn ń méfò kò lè dé ibẹ̀ ju bí ìgbà 4 nínú 100 lọ. Ẹni tó gba 9 kò tíì fi nǹkan hàn.

Bí ẹ bá tún máa tẹ àtẹ náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọdún ℗ àwo tí ẹ lò síbẹ̀, ẹ sọ bóyá “normalisation” wà ní títàn, ẹ sì kọ irú ẹ̀rọ etí tí ẹ fi gbọ́ ọ, kí àwa tó wà ní Kétu, Àjàṣẹ́ àti Sábẹ̀ lè ṣe é bí ẹ ti ṣe é.

Àwọn agbohùnsílẹ̀ kan,
Kétu