Ìgbà Ẹ̀ẹ̀rùn Ni Kí Ẹ Ràn Wọ́n Lọ́wọ́

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n sọ̀rọ̀ nípa ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń tọ́jú igi, ẹyẹ àti etí ọ̀sà nílùú wa, Ẹ̀pẹ́, àti nípa irú ìrànlọ́wọ́ tí àwa ará ìlú ń ṣe fún wọn.

Ìgbà ọdún ni iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ń bá rìn. Tí òjò bá ti rọlẹ̀ dáadáa, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi sí etí ọ̀sà àti ẹ̀bá títì, nítorí gbòǹgbò igi ló ń di ilẹ̀ etí omi mú. Nígbà tí omi bá kún, wọn a bá àwọn apẹja kó koríko ojú omi tó ń dí ọ̀nà ọkọ̀, èyí tó kọ́kọ́ gba ọ̀nà Àgbádárìgì wọ orílẹ̀-èdè wa ní 1984. Ti ẹyẹ di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí lékeléke bá dé; wọn a kó àwọn ọmọ iléèwé jáde láti kà wọ́n, kí ọmọ tó ń tọrọ èékánná funfun lọ́wọ́ lékeléke lè mọ̀ pé apá Òkè Ọya ló ti ń bọ̀, àti pé tata wà lára oúnjẹ rẹ̀.

Àsìkò tí ìrànlọ́wọ́ wa ń dé ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ọjọ́ 14 oṣù Keje ni Ìpínlẹ̀ Èkó yà sọ́tọ̀ fún igi gbígbìn, ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà sì ni ọjọ́ àyíká lágbàáyé. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, èèyàn pàtàkì kì í wọ́n, fọ́tò a sì pọ̀ ju ọkọ́ lọ. Bí wọ́n bá ti lọ tán, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ a tún máa yẹ igi wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹni tó gbìn ín kò bọ́ ọ̀rá dúdú kúrò nídìí rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ hú, torí pé inú ọ̀rá náà ni gbòǹgbò rẹ̀ yóò ti máa lọ́ mọ́ra, tí kò ní ráyè wọlẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọn a fi ọparun àti imọ̀ ọ̀pẹ ṣọgbà yí ìyókù ká. (Ewúrẹ́ Ẹ̀pẹ́ kò mọ igi ìjọba yàtọ̀ sí igi aládàáni.)

Síbẹ̀, ìgbà tí òjò bá dá nínú oṣù Kọkànlá ni iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀. Gbòǹgbò igi tí a gbìn nínú oṣù Keje kò tíì jìn nígbà náà. Ewé rẹ̀ a rọ, etí ewé a gbẹ, bí ọyẹ́ bá sì dé, igi ìdáná ló dà. Omi nìkan ló ń fẹ́, omi yìí ni àwọn ọ̀dọ́ náà sì ń fi gáloǹù pọn láti ìdí kànga, tí wọ́n ń fi owó ara wọn wọ ọ̀kadà. Kò sẹ́ni tó ń ya fọ́tò nínú oṣù Kejì.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Olóyè Shafi Lawal Edu tó dá Nigerian Conservation Foundation sílẹ̀ ní 1980, àjọ tó ń dáàbò bo igi àti ẹranko, tó sì ni ọgbà hẹ́kítà 78 ní Lẹ́kkí, níbi tí àwọn ọmọ wa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ láti wo ọ̀bọ àti ọ̀nì. Kò yẹ kó jẹ́ ìlú rẹ̀ ni a ó ti máa wá owó gáloǹù. A kò sì tálákà tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti rí aṣọ ẹgbẹ́jọdá ọjọ́ ọdún Kayọ̀kayọ̀ ìlú wa mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo ń bẹ ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n fi díẹ̀ nínú owó ayẹyẹ igi gbígbìn ra táńkì omi kan, kí wọ́n gbé e sí etí ọ̀sà kí òjò tó dá. Mo sì ń bẹ àwọn ẹgbẹ́ tó ń dáṣọ pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gba àdúgbò kan, kí wọ́n máa bomi rin igi ibẹ̀ títí di oṣù Kẹta. Àwọn apẹja ti ń yọ̀ǹda ọkọ̀ wọn láìgba kọ́bọ̀, àwọn ìyá ẹlẹ́ja Ọjà Olúwo náà sì lè yọ̀ǹda gáloǹù tí wọn kò lò mọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan,
Òkè Balógun, Ẹ̀pẹ́.