Ọmọ tí ebi ń pa kò gbọdọ̀ bọ́ sáàárín àjọ méjì

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka ohun tí ẹ kọ lórí bí àwọn àjọ àgbáyé ṣe ń pawọ́ pọ̀ gbógun ti ebi. Lójú tèmi, ìpàdé wọn ti pọ̀ tó. Ibi tí àjọ kan ti ń fa iṣẹ́ lé èkejì lọ́wọ́ ni wàhálà wà.

Ẹ wo àwọn ọmọ tó ti pé oṣù 6 ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún 5. Èyí tí ìwọ̀n àyíká òkè apá rẹ̀ kò bá tó mílímítà 115, UNICEF, àjọ àgbáyé fún àwọn ọmọdé, ló sábà máa ń pèsè oúnjẹ ìwòsàn rẹ̀. Èyí tó bá wà láàárín 115 sí 125, WFP, àjọ ètò oúnjẹ lágbàáyé, ni. Bí ara ọmọ bá wá ń yá, tí wọ́n ní kó máa lọ sí ibùdó kejì, tí ibẹ̀ jìnnà tàbí tí oúnjẹ ti tán níbẹ̀, ńṣe ni yóò tún rù padà. Ibùdó kan náà àti ìwé àkọsílẹ̀ kan náà ló yẹ kí wọ́n máa lò.

Irúgbìn ńkọ́? FAO, àjọ àgbáyé fún oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ló sábà máa ń pín in, ó sì gbọ́dọ̀ dé ṣáájú òjò. Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ WFP kò bá bá a dé, àgbẹ̀ tí ebi ń pa yóò se irúgbìn náà jẹ. Ta ló máa dá a lẹ́bi?

Èmi ni,
Òṣìṣẹ́ ètò ìlera ọmọdé