Àkànní, kó o tó sanwó áńpilifáyà yẹn

Àkànní ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iná wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì yín lọ́sẹ̀ yìí? Mo ti gbọ́ voice note méjèèjì tó o fi ránṣẹ́, pé o ti tu ₦80,000 jọ látinú iṣẹ́ tó o ṣe nígbà họlidé, pé áńpilifáyà àtijọ́ lo fẹ́ lọ fi rà ní Alaba. Bàbá ẹ ní kí n sọ fún ẹ pé kó o jọ̀ọ́ ra Bluetooth kékeré kan kó o gbájú mọ́ ìwé ẹ. Èmi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Owó ẹ ni, òógùn ojú ẹ ni, kì í ṣe owó oúnjẹ lo fẹ́ ná, mo sì mọ ibi tó o ti rí ìfẹ́ nǹkan yìí, ara mi náà ni.

O ò bá bàbá mi láyé. Owó Udoji tí ìjọba san fáwọn òṣìṣẹ́ lọ́dún 1975 ni wọ́n fi ra áńpilifáyà Sansui tiwọn. Irin ni gbogbo iwájú ẹ̀, nóòbù fọ́lúùmù ẹ̀ wúwo lọ́wọ́, tó o bá ń yí i wàá máa gbọ́ ọ lábẹ́ ìka, kẹ́rẹ́ kẹ́rẹ́ kẹ́rẹ́, èmi nìkan ni wọ́n sì máa ń jẹ́ kí n nu eruku ara ẹ̀. Tí wọ́n bá ti fi àwo àpàlà sórí ṣénjà lọ́jọ́ Sunday, agídìgbo yẹn á máa dún láyà ẹ bí ẹni pé ẹni tó ń ta á wà ní pálọ̀. Nítorí náà mi ò lè bá ẹ jà.

Ṣùgbọ́n iná ni kó o kọ́kọ́ wò kó o tó wo ẹwà. Àwọn tòkunbọ̀ Alaba yẹn, ibi tí wọ́n ti kó wọn wá ò dọ́gba, èyí tó ti Japan wá 100 volt ló ń lò, ti Amẹ́ríkà 120, tiwa níbí 230 sí 240 bíi ti London. Ti London ò ní wàhálà, o kàn máa kì í bọ ògiri ni. Má fi ẹnu plug mọ̀ ọ́n o, torí wọ́n lè ti gé elẹ́nu méjì kúrò kí wọ́n fi elẹ́nu mẹ́ta tiwa sí i, ẹ̀yìn ẹ̀ ni kó o yí síta kó o ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Àwọn kan ní ibi tí wọ́n ti ń yí i lẹ́yìn láti 110 dé 240, ìyẹn dáa gan-an, àmọ́ fojú ara ẹ rí i pé 240 ló wà kí ẹnikẹ́ni tó tan án.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kọ́kọ́ ti Amẹ́ríkà dé, wọ́n gbé ọ̀kan aláwọ̀ fàdákà bọ̀ fún bàbá mi. Gbogbo ilé ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ò lè mú sùúrù, mo so ó mọ́ iná. Ó tàn, ó mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó dún hùùùù, kí n tó na ọwọ́ sí súwíìṣì èéfín ti ń jáde lójú ihò orí ẹ̀, òórùn yẹn sì wà lára kọ́tìnnì wa fún ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá mi ò bá mi wí. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n ń wò ó. Ó ṣì ń dùn mí dòní, torí wọn ò gbọ́ orin kan ṣoṣo nínú ẹ̀.

Tó bá jẹ́ ti Japan tàbí Amẹ́ríkà lọkàn ẹ fà sí, fi owó sítẹ́pù-dáùn, ìyẹn ẹ̀rọ tó máa dín iná wa kù sí iye tó ń lò, kún iye ẹ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Wo iye watt tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀ pé ó ń jẹ, tó bá jẹ́ 150, ra sítẹ́pù-dáùn 300 watt ó kéré tán.

Watt orin ńkọ́? Má jẹ́ kí wọ́n fi tàn ẹ́. Àwọn onírọ́bà tuntun tí wọ́n lẹ watt ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí wọ́n ń pè ní PMPO mọ́ lára, irọ́ ni. Áńpilifáyà NAD 3020 tó jáde lọ́dún 1978, 20 watt péré ni wọ́n kọ sí i fún apá kọ̀ọ̀kan, títí dòní àwọn èèyàn ṣì ń wá a kiri. Yàrá ẹ̀yin mẹ́rin yẹn, 20 watt á jí gbogbo kọ́rídọ̀ yín.

Tó o bá débẹ̀, mú fóònù ẹ dání àti wáyà RCA pupa àti funfun tí wàá fi so ó mọ́ áńpilifáyà. Wo àwọn síkúrù ẹ̀yìn ẹ̀, tójú wọn bá ti bó, ẹnì kan ti ṣí i rí, bi í léèrè ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀. Gbóòórùn ẹ̀. Tí wọ́n bá tan án, dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń dún kẹ́ lẹ́ẹ̀kan kó tó ṣílẹ̀kùn fún sípíkà, tí irú wọn bá wà láìdún kẹ́, nǹkan wà nínú ẹ̀. Kó tó di pé ẹ so sípíkà mọ́ ọn, bẹ ẹnjiníà kan kó fi mítà sójú ibi tí wáyà sípíkà ń wọ̀, láìfi orin sí i, nǹkan tó sún mọ́ 0 ló yẹ kó o rí, tí ò bá ju 50 millivolt lọ kò burú, tó bá lé ní 100, dìde níbẹ̀, torí irú iná yẹn ló ń sun sípíkà. Lẹ́yìn ìyẹn, yí fọ́lúùmù lọ sókè sódò. Tó bá ń dún kàràkàrà, eruku ló sábà máa ń jẹ́, oògùn tí wọ́n ń fín sí i wà, ibẹ̀ gan-an ni kó o ti dín owó ẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n tí apá kan ò bá dún rárá, má gbọ́ "ọ̀gá, wáyà lásán ni." Jẹ́ kó máa kọrin fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò gbọdọ̀ gbóná tó ò fi ní lè gbọ́wọ́ lé e. Tí ọlọ́jà bá ń kánjú ẹ, kí i pé ẹ kúu ọjà o, kó o máa lọ.

₦50,000 ni kó o mú dání, má ju bẹ́ẹ̀ lọ. ₦30,000 tó kù, jẹ́ kó wà ní báǹkì. Nǹkan tó ti lo ogójì ọdún, àwọn kapásítọ̀ inú ẹ̀ tó dà bí agolo kékeré yẹn lè ti máa gbẹ, ẹnjiníà gbọ́dọ̀ ṣí i, ìwọ má ṣí i fúnra ẹ, iná máa ń kù nínú wọn kódà lẹ́yìn tó o bá ti yọ ọ́ lógiri. Owó áńpilifáyà ò parí lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún ẹ, ibẹ̀ ló ti ń jẹ àwọn ọmọ iléèwé, gbogbo owó á ti lọ, nǹkan á wà lórí tábìlì láìdún. Tí iná bá sì lọ, yọ ọ́, má dúró dìgbà tí wọ́n bá mú un dé, o mọ bí iná wa ṣe máa ń já wọlé.

Má dá lọ, mú ọ̀rẹ́ ẹ kan dání. Tó o bá ti rí èyí tó wù ẹ́, tí wọ́n tan án, pè mí níbẹ̀ kó o tó sanwó, gbé fóònù sún mọ́ sípíkà òsì, kó o wá gbé e sún mọ́ tọ̀tún. Àwọn àwo bàbá mi wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo ti nù wọ́n lánàá.

Èmi ni, ìyá ẹ.