Kí o tó ra ẹ̀rọ tó ń wá irin: lẹ́tà sí Bọ̀dé

Faversham,
Kent.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹwàá.

Bọ̀dé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé òtútù Aberdeen á ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú yín báyìí. Ó yẹ kí n ti kọ̀wé sí ọ ṣáájú òní, ṣùgbọ́n ohun tí o bi mí lórí fóònù kọjá ohun tí ènìyàn lè dáhùn ní ìṣẹ́jú márùn-ún. O ní o rí ẹ̀rọ tuntun kan tó ń wá irin lábẹ́ ilẹ̀, pé owó rẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn lọ, pé ṣé kí o rà á. Mo bẹ̀ ọ́, má tíì rà á. Àgbà ẹ̀rọ ni kí o kọ́kọ́ wá.

Ṣé o rántí ìṣúra Staffordshire? Ní oṣù Keje ọdún 2009 tí Terry Herbert rí i nínú oko kan lẹ́bàá abúlé Hammerwich, ẹ̀rọ tó ti lo ọdún 14 ló gbé dání. Wúrà àti fàdákà ayé àwọn Anglo-Saxon, àwọn ará England àtijọ́, ló bá níbẹ̀, tí àwọn adíyelé fi sí mílíọ̀nù mẹ́ta pọ́n-ùn ó lé (£3.285 mílíọ̀nù), òun àti àgbẹ̀ tó ni oko sì jọ pín in. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí ojú rẹ máa wo mílíọ̀nù o. Ohun tí mo fẹ́ kí o rí ni pé bí ẹ̀rọ ṣe tuntun tó kọ́ ló ń rí nǹkan.

Tesoro ni tèmi, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà láyé ọdún 1980 sókè. £60 ni mo rà á lọ́wọ́ bàbá kan tí orúnkún ń dà láàmú, tí kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Kò ní ojú tó ń kọ nọ́ńbà síta. Bọ́tìnì méjì tí à ń yí ló ní: ọ̀kan ń sọ bí etí ẹ̀rọ ṣe máa mú tó, èkejì ń sọ irú irin tí yóò máa dákẹ́ sí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 2018 ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kógbá wọlé, nítorí náà bí ara rẹ̀ kan bá bàjẹ́, kò sí ibi tí mo ti lè lọ ra tuntun. Ìdí nìyẹn tí o fi gbọ́dọ̀ yẹ àgbà ẹ̀rọ wò dáadáa kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ.

Ibi bátìrì ni kí o kọ́kọ́ ṣí. Bí o bá rí ìpẹtà aláwọ̀ ewé tàbí funfun níbi tí bátìrì ti fara kan irin, ẹni tó ni ín ti gbàgbé bátìrì síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, omi rẹ̀ sì ti jẹ inú. Lẹ́yìn náà, di wáyà mú níbi tó ti wọ inú àwo ìsàlẹ̀, ìyẹn àwo tí à ń gbé kọjá lórí ilẹ̀, kí o rọra mì ín. Bí ẹ̀rọ bá pariwo, wáyà ti ń já nínú. Wo àwo náà fúnra rẹ̀ bóyá ó ti sán. Má ṣe dán an wò nínú ilé, torí wáyà iná mànàmáná inú ògiri á máa dà á láàmú. Jáde síta, bọ́ aago ọwọ́ rẹ, fi fóònù sílẹ̀ lọ́nà jíjìn, kí o wá máa fi owó ẹyọ kọjá níwájú àwo náà. Èyí tó bá ti dàgbà jù, ti àwọn ọdún 1970, fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń kó ẹ̀rọ àtijọ́ jọ. Púpọ̀ nínú wọn kì í gbọ́ ohun tó jìn, wọn kì í sì mọ ìṣó yàtọ̀ sí owó.

Wàyí o, bọ́tìnì kejì yẹn ni mo fẹ́ bá ọ sọ gan-an, nítorí òun ló fi oṣù mẹ́ta mi ṣòfò. Àwo ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ ń rán agbára mágnẹ́ẹ̀tì wọ ilẹ̀. Irin tó bá wà níbẹ̀ á dáhùn, bí ìdáhùn yẹn bá ṣe yá tàbí pẹ́ tó ni ẹ̀rọ fi ń mọ irú irin tó jẹ́. Ìṣó ní tirẹ̀, bébà dídán inú páálí sìgá ní tirẹ̀, irin kékeré tí à fi ń ṣí agolo mínírà náà ní tirẹ̀. Èmi ò fẹ́ máa gbẹ́ ilẹ̀ nítorí irin agolo, ni mo bá yí bọ́tìnì náà sókè títí kò fi gbọ́ wọn mọ́. Oko àgbẹ̀ kan tó fún mi láyè nítòsí ibí ni mo ń rìn, ní gbogbo Sátidé, lẹ́yìn tí wọ́n ti kórè tí wọn ò tíì gbin òmíràn. Bọ́tìnì aṣọ àtijọ́ àti kọ́bọ̀ ńlá ayé Victoria nìkan ni mo ń rí.

O rántí owó oníhò tí ìyá àgbà mi fún mi, tó ṣẹ́kù nínú owó tí ó fi okùn sín nígbà tí ó ń ta ẹ̀kọ ní Ọjàaba? Ọ̀níní ni, tí mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀ kan, ti ọdún 1938, tó ní ìràwọ̀ onígun mẹ́fà lára. Mo gbé e sórí koríko lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ kan, mo sì gbé ẹ̀rọ kọjá lórí rẹ̀. Kẹ́kẹ́ pa. Mo tún un ṣe, kò dún. Owó ìyá àgbà mi wà níwájú mi kedere, ẹ̀rọ mi sì ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀! Àdàlù bàbà àti nickel ni owó náà, ìdáhùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti irin agolo dọ́gba. Òrùka wúrà kékeré náà rí bẹ́ẹ̀, fàdákà pẹlẹbẹ náà rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti ń rìn kọjá lórí rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta wá sí mi lọ́kàn, inú mi bàjẹ́ gan-an.

Mo yí bọ́tìnì náà sílẹ̀, ó ku ìṣó nìkan tí kò ní gbọ́. Mo padà sí oko kan náà. Irin agolo tí mo gbẹ́ lọ́jọ́ náà kò níye. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀sán ń pọ́n lọ, ohùn tín-ín-rín kan dún, bí mo bá lọ síwájú ó dún, bí mo bá padà sẹ́yìn ó dún, mo yí ara padà láti gba ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ṣì dún ṣáká, kò já. Ìdajì owó fàdákà ni, tí wọ́n là sí méjì gééré. Òṣìṣẹ́ tó ń ṣàkọsílẹ̀ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún Portable Antiquities Scheme sọ fún mi pé ti ayé ọba Henry kẹta ni. Kí eépìnnì (ìdajì kọ́bọ̀) olóbìírípo tó wọ́pọ̀ láti ọdún 1280, bí ènìyàn bá fẹ́ ra ohun tí kò tó kọ́bọ̀, ńṣe ni wọ́n ń la kọ́bọ̀ náà sí méjì tàbí mẹ́rin. Bọ̀dé, mo dúró nínú oko yẹn, mo ronú kan ìyá àgbà mi. Owó ẹni tó fẹ́ ra nǹkan kékeré lọ́jà ni àwọn méjèèjì.

Bí o bá ti ní ẹ̀rọ lọ́wọ́, má máa jù ú bí ẹni ń fi àdá ṣán oko. Àwa tí a ti ṣán oko rí, ọwọ́ wa máa ń gòkè ní ìparí, gbogbo ìgbà tí àwo bá sì gòkè, ilẹ̀ ni ò ń fi sílẹ̀ láìwò. Jẹ́ kó máa rìn pẹrẹsẹ, kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kí ipa tuntun bo ìdajì ipa tó ṣáájú. Má sì dá a dúró, torí àwọn ẹ̀rọ ìran yìí kì í sọ̀rọ̀ bí àwo wọn kò bá rìn. Ra hẹ́dífóònù. Ní etíkun tiyín níbẹ̀, orí iyanrìn gbígbẹ ni kí o dúró sí, nítorí iyọ̀ inú iyanrìn tútù á jẹ́ kí àgbà ẹ̀rọ máa pariwo ṣáá. Lórí koríko, gé ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, ṣí i bí ìdérí, dá gbogbo rẹ̀ padà. Bí ohun tí o rí bá jọ bọ́ǹbù ayé ogun, má fọwọ́ kàn án, pe ọlọ́pàá.

Òfin tiyín yàtọ̀ sí tiwa, jọ̀wọ́ fi etí sí èyí. Onílẹ̀ gbọ́dọ̀ fún ọ láyè ní ibi méjèèjì, ibi ìṣẹ̀ǹbáyé tí ìjọba dáàbò bò sì di èèwọ̀ fún ẹ̀rọ wa láìgba àṣẹ. Ní England níbí, ohun tí òfin 1996 bá kà sí ìṣúra ni a gbọ́dọ̀ fi tó coroner (òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí ikú àti ìṣúra) létí láàárín ọjọ́ 14. Ní Scotland, kì í ṣe wúrà àti fàdákà nìkan. Ohun àtijọ́ èyíkéyìí tí o bá rí, ìbáà ṣe òjé, o gbọ́dọ̀ fi tó Treasure Trove Unit ní Edinburgh létí. Bí o bá sì rí ohun púpọ̀ lójú kan, dáwọ́ dúró. Eric Lawes ń wá òòlù tó sọnù fún àgbẹ̀ kan ní Hoxne ní oṣù Kọkànlá 1992, ó bá ṣíbí fàdákà àti ohun wúrà ayé Róòmù pàdé. Ó dáwọ́ dúró, ó pe àwọn aláṣẹ, ní ọjọ́ kejì àwọn onímọ̀ wá hú ìyókù bí ó ṣe yẹ, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe tò ó sínú àpótí. Owó ẹyọ tó wà níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 15,000 ní iye. Wọ́n rí òòlù náà, British Museum ló wà báyìí.

Mo ti fi ọ̀níní ìyá àgbà mi sínú àpò ìwé yìí, mo wé e sínú bébà kó má baà sọnù. Ẹ̀rọ yòówù tí wọ́n bá fẹ́ tà fún ọ, gbé owó yìí sílẹ̀ níwájú rẹ̀ kí o tó sanwó. Bí o bá ń bọ̀ wá ṣe Kérésìmesì lọ́dọ̀ wa, bá mi mú un dání.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Wálé