Owó ọsibítù nìkan kọ́ ni ẹ̀tọ́ ẹni tó farapa lẹ́nu iṣẹ́

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka ìròyìn yín nípa òṣìṣẹ́ tí ẹ̀rọ gé lọ́wọ́, tí ẹ ní ọ̀gá ẹ̀ ṣèèyàn torí ó san owó ọsibítù ó tún fún un ní nǹkan lé e. Ibẹ̀ yẹn ló bí mi nínú. Ọ̀rọ̀ àánú kọ́ lèyí o, òfin ti wà lórí ẹ̀ láti 2010, Employees' Compensation Act ni wọ́n ń pè é, ìyẹn òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NSITF ló ń bójú tó àpò owó ẹ̀. Nínú gbogbo 100 náírà tí agbanisíṣẹ́ bá san lówó oṣù, ó yẹ kó san náírà kan sínú àpò yẹn lóṣooṣù, kò sì gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ ẹ̀ lára owó òṣìṣẹ́.

Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ l'Ọ̀tà níbí, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ike mú ọmọkùnrin kan lọ́wọ́ lóru, ìka méjì ló bá a lọ. Kásúà ni, ìyẹn òṣìṣẹ́ tí wọn ò gbà síṣẹ́ pátápátá. Sùpáfáísọ̀ fi táwẹ́ẹ̀lì wé e lọ́wọ́, wọ́n gbé e dé ọsibítù, wọ́n ní "fara balẹ̀, ọ̀gá á rí sí i." Ó fara balẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tó yá wọ́n pè é sí ọ́fíìsì, wọ́n kawó fún un, wọ́n ní kó sáìnì pé òun ò ní nǹkan kan gbà mọ́, pé òfin ò tiẹ̀ mọ kásúà rí.

Irọ́ gbuu! Òfin yẹn ka kásúà mọ́ ọn, ó ka ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ mọ́ ọn, kódà ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í ṣe ẹbí ọ̀gá wà níbẹ̀. Bébà tí wọ́n ní kó sáìnì yẹn náà, òfin ní òṣìṣẹ́ ò lè fọwọ́ síwèé pé òun yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ òun, ìwé yẹn ò níṣẹ́ tó ń ṣe.

Ọjọ́ ni wọ́n fi ń mú wa. Láàrin ọjọ́ 14 ni ẹni tó farapa gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀gá, máníjà tàbí sùpáfáísọ̀, kó sọ orúkọ ẹ̀, ìgbà tó ṣẹlẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti ohun tó fà á, kò nílò gírámà kankan. Ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè owó gbà-má-bínú, ọdún kan ni wọ́n fún èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ọ̀gá kan náà ni wọ́n ní kó lọ fẹjọ́ ara ẹ̀ sùn, tí kò bá wá san owó oṣooṣù yẹn sínú àpò NSITF rí ńkọ́? (Àwọn tó ń wá kọngírátì ìjọba àpapọ̀ kì í fi tiwọn ṣeré o, torí wọ́n máa béèrè ìwé ẹ̀rí NSITF lọ́wọ́ wọn.) Sùpáfáísọ̀ tó wé e lọ́wọ́ yẹn, lójú òfin ó ti gbọ́, àmọ́ lọ́la ó lè ní òun ò sí níṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ jọ̀ọ́, ẹ fi fóònù yà á kẹ́ ẹ tó fún wọn, ẹ gba ìwé dókítà, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ ara yín dé ọ́fíìsì NSITF.

Ẹni tó jáde níbi iṣẹ́ tó ń lọ sílé tààrà tí ọ̀kadà gbé ṣubú, ó wà nínú òfin yẹn. Èyí tó tiẹ̀ dùn mí jù ni tàwọn opó. Opó tí iṣẹ́ pa ọkọ ẹ̀, tó ní ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, 90 náírà nínú 100 owó oṣù ọkọ ẹ̀ ló yẹ kó máa gbà lóṣooṣù, àmọ́ àpò ìrẹsì kan àti owó ìsìnkú ni wọ́n máa ń gbé wá bá a, wọ́n á tún yàwòrán.

Ẹ bá wa tẹ ọjọ́ 14 yẹn jáde gàdàgbà, lédè Yorùbá. Kí NSITF náà wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì àwọn kọ́ńpìnnì l'Ọ̀tà, l'Àgbárá àti n'Íkẹjà, níbi táwọn tó ń ṣe náìtì ti máa rí i kà.

Èmi òǹkàwé yín,
Òṣìṣẹ́ kan, Ọ̀tà.